Ẹni Ọmọ Sin Ló Bímọ: Ìdágbére fún Olùtọ́ni Láàárín Àwọn Ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ Ìjọ Àgùdà

"Ẹni ọmọ sin ló bímọ." Òwe tí ẹbí sábà máa ń kọ́kọ́ fi ko ọmọ wọn lójú nìyí, bí ọmọ náà bá ní òun fẹ́ di Fadá tàbí Sístà. Ẹlẹ́jẹ̀ẹ́, ìyẹn ẹni tó jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í gbéyàwó, kì í lọ́kọ, kì í bímọ. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, ta ni yóò sin ín? Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà rárá. Níbẹ̀ ni Igbó-Ọrà wà, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì. Ìwádìí tí oníṣègùn Patrick Nylander ṣe láàárín 1972 sí 1982 fi hàn pé nǹkan bí ìbejì 45 sí 50 ni wọ́n ń bí nínú 1,000 ìbímọ ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ará Igbó-Ọrà sì gbà pé ọbẹ̀ ìlasà tí wọ́n fi ń jẹ àmàlà wà lára ohun tó fà á. Níbi tí ìyá ti ń pọn ọ̀kan, tó sì gbé èkejì dání, ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò ní bí ẹyọ kan ṣoṣo yóò dà bí ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́.

Òwe náà kò ṣìnà, àwọn tó ń pa á fún ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ni kò wò ó dé ìdí. Àṣà Yorùbá fúnra rẹ̀ kò fi ìsìnkú ẹni pàtàkì sọ́wọ́ ọmọ bíbí nìkan. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń náwó òkú, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣípà fún un. Ẹgbẹ́ ọdẹ ló ni ìyẹn. Àwọn ni yóò sun ìrèmọ̀jé mọ́jú, àwọn ni yóò kó ohun èlò ọdẹ rẹ̀ jáde lọ sínú igbó, tí wọn yóò sì yọ ọ́ kúrò nínú agbo àwọn ọdẹ tó wà láàyè. Bí ogún ọmọ tilẹ̀ wà nílé, tí ọdẹ kò bá sí níbẹ̀, ètò kò tíì pé. Kò sì sí ẹni tó ń bi ọdẹ tó ń sun ìrèmọ̀jé bóyá òkú ni baba tó bí i. Ó tó kí òkú jẹ́ ẹni tó mú un mọ igbó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀ràn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ rí: àwọn tó tọ́ sọ́nà ni ọmọ tí yóò sin ín.

Ètò tí Ìjọ Àgùdà là sílẹ̀ fún òkú irú olùtọ́ni bẹ́ẹ̀ kò díjú. Wọn a ṣọ́ òkú ní alẹ́ pẹ̀lú Sáàmù àti àdúrà, wọn a ṣe Mísà ní ọjọ́ kejì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò sì kó ipa tó pọ̀ jù. Àlùfáà a wọ aṣọ tó fi ń ṣe Mísà nígbà ayé rẹ̀. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì: bí òkú bá jẹ́ ti ọmọ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sí pẹpẹ, kí ó lè kọjú síbi tó ń kọjú sí nígbà tó ń jókòó láàárín ìjọ. Ti àlùfáà yàtọ̀. Orí rẹ̀ ló máa ń wà níhà pẹpẹ, tí ojú rẹ̀ yóò sì wà lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń dúró kọ́ wọn. Àwọn Dominican, tí wọ́n ní ilé àti yunifásítì ní Sámọ́ńdà, Ìbàdàn, ní àṣà tiwọn pẹ̀lú: bí arákùnrin wọn bá ń kú lọ, wọn a yí ibùsùn rẹ̀ ká, wọn a sì kọ orin Salve Regina sí Màríà Wúńdíá. Dominic tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ kú ní Bologna ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1221, àárín àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì kú sí. Itẹ́ òkú kan náà ni wọ́n sábà máa ń sin àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ sí. Ọ̀gá àgbà àti ẹni tó ń dáná, ilẹ̀ kan náà ló gbà wọ́n.

"Bí iná kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò." Òwe yìí bá ìtàn ìjọ Àgùdà nílẹ̀ wa mu. Kí Fadá kankan tó wá gbé Èkó ni àwọn Àgùdà tó ti Bàhíà ní Brazil dé ti ń gbàdúrà níbẹ̀ lábẹ́ Padre Antonio, tí kì í tilẹ̀ ṣe àlùfáà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó wá fìdí ìjọ náà múlẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí wọ́n ń pè ní SMA, inú òkú ló ti yè. Melchior de Marion Brésillac ló dá a sílẹ̀ ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 1856. Ní oṣù Karùn-ún 1859, ó gúnlẹ̀ sí Freetown. Ibà ń jà nílùú náà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà, ó ti jáde láyé, ibà yìí náà ló sì pa púpọ̀ nínú àwọn tó bá a lọ. Augustin Planque, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, wà ní Lyon. Kò rí òkú ọ̀gá rẹ̀, kò sì da yẹ̀ẹ̀pẹ̀ sí i lára. Gbogbo ènìyàn ì bá gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Planque kò gbà. Ní 1861, Francesco Borghero, míṣọ́nnárì SMA, dé Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òde òní. Ní 1876, Planque dá ẹgbẹ́ àwọn Sístà OLA sílẹ̀. Ó sì darí SMA títí ó fi kú ní 1907. Bí ẹnikẹ́ni bá sin Brésillac, Planque ni, ọdún 48 ló sì fi sin ín.

Ní Abẹ́òkúta, tí kò jìnnà sí Ìbàràpá, Fadá Jean-Marie Coquard dé ní 1890, ilé-ìwòsàn Sacred Heart tó dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Lántórò ní 1895, Fadá náà kú ní 1933. Ilé-ìwòsàn kò bá a lọ. Ó ṣì ń tọ́jú aláìsàn. Ti Fadá Kevin Carroll tún yani lẹ́nu ju èyí lọ. Òun àti Fadá O'Mahony ló bẹ̀rẹ̀ ibi iṣẹ́ ọnà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947. George Bándélé, ọmọ Aréógun agbẹ́gilére, ń gbẹ́nà níbẹ̀, Làmídì Fákẹ́yẹ láti Ìlá Ọ̀ràngún sì kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Bándélé. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ. Síbẹ̀ òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì kọ́ àwọn mìíràn ní Yunifásítì Ifẹ̀. Carroll kú ní 1993, Fákẹ́yẹ ní 2009. Ta ni yóò wá sọ pé Carroll kò bímọ?

Ìdágbére tó le jù kọ́ ni ti ikú. Òkú kò ní padà wá wò bóyá wọ́n ṣe é dáadáa. Ti ẹni tó ṣì wà láàyè, tí wọ́n ní kó fi ipò sílẹ̀ tàbí kó lọ sí ìlú mìíràn, ìyẹn ló ń dán olùtọ́ni wò, tó sì ń dán ọmọ ẹ̀yìn wò pẹ̀lú. Òfin Ìjọ tó jáde ní 1983 là á sílẹ̀ pé sáà ni kí àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ máa ṣe, kí wọ́n má jókòó sórí àga títí ayé. Ní Ọ̀yọ́, Owen McCoy, ọmọ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì White Fathers, ni bíṣọ́ọ̀bù láti 1963. Ní 1973 ó kúrò níbẹ̀, Julius Adelakun, ọmọ Yorùbá, gba ipò náà, ó sì wà lórí rẹ̀ títí di 2009, kó tó kan Emmanuel Badejo. Nígbà tí Adelakun gba ipò náà, McCoy ṣì wà láyé, ó ń fojú rí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí òun ti ń ṣe. Kì í ṣe gbogbo àgbà ló lè gba irú rẹ̀ mọ́ra.

Níbí ni ó ti yẹ kí a bá ọ̀pọ̀ ìjọ wí. Ìdágbére Fadá tàbí Sístà tí wọ́n gbé lọ sí ibòmíràn ti di òde aláriwo: ẹgbẹ́jọdá, kéèkì, olórin, àpòòwé lórí àpòòwé. Ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ òṣì ni wọ́n ń kó ẹrù lé lórí báyìí. Òfin Ìjọ ti 1983 kan náà sọ pé ohun tí ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ bá rí gbà nítorí ẹgbẹ́ rẹ̀, ti ẹgbẹ́ ni. Kò sí ohun tó burú nínú oúnjẹ àti ijó. Yorùbá kì í dágbére lẹ́nu gbẹ. Èyí tó burú ni pé kí òde tán, kí kíláàsì katikísímù tí Fadá tàbí Sístà náà ń kọ́ tú ká ní ọ̀sẹ̀ kejì nítorí pé kò sí ẹni tó múra láti gbà á. Ìjọ tó bá rí bẹ́ẹ̀ kò tíì kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀.

Bí a bá padà sí ọ̀ràn òkú, ẹbí ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ tiwọn, ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ fún wọn láyè níbi òkú, kí wọ́n jókòó níwájú, kí àgbà ilé sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ló ni òkú. Ẹbí tó bá ní ẹlẹ́jẹ̀ẹ́, ì báà jẹ́ ní Èrúwà, ní Lánlátẹ̀ tàbí ní Igbó-Ọrà, kí wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ ọmọ wọn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ nísinsìnyí tí ara ṣì le, ibi tí wọn yóò sin ín sí àti ohun tí yóò jẹ́ ti ẹbí nínú ètò náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.