Kì í ṣe owó nìkan ló ń lé àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kúrò ní yunifásítì Amẹ́ríkà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Jeff Hafley, tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà fún àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá Boston College ní Amẹ́ríkà, fi ipò náà sílẹ̀, ó sì lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ Green Bay Packers. Ẹni tó jẹ́ olórí, tó wá gbà láti di igbákejì, kí ló rí lọ́bẹ̀ tó fi waaro ọwọ́?

Bọ́ọ̀lù ọ̀hún kì í ṣe èyí tí àwọn Super Eagles ń fẹsẹ̀ gbá. Èyí tó rí bí ẹyin ni, tí wọ́n máa ń fọwọ́ jù, tí wọ́n sì máa ń gbé sáré. Yunifásítì ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá a kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ jẹun nínú ìdíje NFL. Àwọn ọmọ tí òbí wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Jay Ajayi gbá a ní Boise State kí Miami Dolphins tó mú un lọ́dún 2015.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ojúkòkòrò ló ń gbé àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ sí NFL. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2007, nígbà tí Nick Saban fi Miami Dolphins sílẹ̀, yunifásítì Alabama ló lọ, wọ́n sì ṣàdéhùn nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 dọ́là fún un lọ́dún. Owó wà ní yunifásítì náà.

Àwọn kan ń wá ife tí ọwọ́ wọn ò tíì tẹ̀. Jim Harbaugh pàdánù àṣekágbá NFL lọ́dún 2013. Nígbà tó gba ife ẹ̀yẹ fún yunifásítì Michigan ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, oṣù náà kò tíì parí tó fi gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Los Angeles Chargers.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló yí padà jù. Láti ọdún 2021 ni òfin ti gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbowó lórí orúkọ àti àwòrán rẹ̀, kó sì lè lọ sí yunifásítì mìíràn láìjókòó fún ọdún kan. Láti ọdún 2025, yunifásítì gan-an ti lè sanwó fún wọn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ń lọ bẹ òbí nílé, ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn olówó, ó sì tún ń bẹ ọmọ tó ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pé kó má lọ. Ní NFL, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń mú àwọn ọ̀dọ́ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, ẹlòmíràn ló sì ń bójú tó owó.

Ibẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀run o. Urban Meyer, tó ti gba ife ẹ̀yẹ mẹ́ta ní yunifásítì, fìdí rẹmi ní Jacksonville Jaguars lọ́dún 2021. Nínú ìdíje 13, 2 péré ló borí kí wọ́n tó lé e. Àgbàlagbà tó ń gbowó iṣẹ́ rẹ̀ kì í gba ìbáwí bí ọmọ iléèwé.

Àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni ìyà ń jẹ jù. Ẹni tó jókòó ní pálọ̀ òbí, tó ṣèlérí pé òun yóò tọ́jú ọmọ wọn títí yóò fi gboyè, ti lọ. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi pé wọ́n ń gbowó, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn yunifásítì ti ń pawó rẹpẹtẹ lórí wọn.

Àwọn aláṣẹ yunifásítì ló yẹ kó tún ọ̀rọ̀ yìí rò. Kí wọ́n yan ẹlòmíràn tí yóò máa wá owó, kí ìwé àdéhùn ọmọ sì fìdí múlẹ̀ ju ìlérí ẹnu lásán lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí olùkọ́ pẹ́ nílé ẹ̀kọ́, kó jẹ́ kó ráyè kọ́ ọmọ.