Búrọ́ọ̀ṣì Tó Ń Fọ Ẹnu, Ta Ní Ń Fọ̀ Ọ́?

Gbogbo wa la mọ̀ pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fẹ́ràn siwáàkì débi tó fi sọ pé bí kì í bá ṣe pé òun kò fẹ́ ni ìjọ òun lára, òun ì bá pa á láṣẹ nígbà ìrun kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń wàásù nípa ìlò rẹ̀ dáadáa. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, yálà siwáàkì ni tàbí búrọ́ọ̀ṣì: ibi tó ń sùn, àwọn tó ń bá sùn, àti ìgbà tó yẹ kó kúrò nílé.

Ẹ wo balùwẹ̀ wa. Ife kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọwọ́, búrọ́ọ̀ṣì márùn-ún tàbí mẹ́fà ló forí korí nínú rẹ̀: ti bàbá, ti ìyá, ti àwọn ọmọ, ti àbúrò ìyàwó tó wá kí wa. Omi ti dúró sí ìsàlẹ̀ ife, ó ti ń yọ̀. Ilé mìíràn, ẹ̀gbẹ́ àga ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n to wọ́n sí. Bí a bá sì da omi sí àga náà láìdé e, ẹ̀kán omi kéékèèké á fò sókè, á bà lé ohun tó bá wà nítòsí. Ẹni tí kò jẹ́ kí ìdọ̀tí ta sí aṣọ ìrun rẹ̀ ló ń ti irú búrọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ bọ ẹnu láàárọ̀! Ó ń yà wá lẹ́nu.

Kì í ṣe pé ẹnu wa kò ní kòkòrò tirẹ̀ o. Ó ní in, ó pọ̀, kì í sì í sábà ṣe wá ní nǹkan. Ti ẹlòmíràn la ń sá fún, pàápàá ẹ̀jẹ̀. Èrìgì lè ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nígbà tí a bá ń fọyín, kí ẹni tó ń fọyín má tilẹ̀ rí i. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, ó sì lè wà láàyè lóde ara fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ni kò mọ̀, torí kò dùn wọ́n níbì kankan. Ìdí nìyí tí àwa apoògùn fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí tọkọtaya má jọ lo búrọ́ọ̀ṣì kan, bó ti wù kí ìfẹ́ wọn jinlẹ̀ tó.

Àwọn kan a máa dá wa lóhùn pé ṣebí ìyá wa Aisha, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, lo siwáàkì Ànábì. Òótọ́ ni, ó wà nínú àkójọ Abu Dawud. Ṣùgbọ́n ẹ ka hádíìsì náà parí. Kí ó lè fọ̀ ọ́ ni Ànábì ṣe gbé e fún un, ó sì fọ̀ ọ́ kó tó dá a padà. Fífọ̀ yẹn làwa dì mú. Ohun tí ẹ̀sìn gbà láàyè kò di ọ̀ranyàn, ẹni tí kò sì mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò yẹ kó fi ẹlòmíràn sínú ewu.

Ìtọ́jú búrọ́ọ̀ṣì kò le. Lẹ́yìn ìfọyín, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án títí ọṣẹ yóò fi tán lára rẹ̀, ẹ gbọn omi rẹ̀ nù, kí ẹ gbé e nàró, orí lókè, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, kí orí rẹ̀ má kan ti ẹlòmíràn. Ìdérí kékeré tí wọ́n ń tà mọ́ ọn, ìrìn àjò ló wà fún. Nílé, ńṣe ló ń sé omi mọ́ ọn, ibi tútù sì ni kòkòrò fẹ́. Ẹ má bọ̀ ọ́, ẹ má sì rẹ ẹ́ sínú oògùn tí a fi ń fọ ilẹ̀. Bó bá pé oṣù 3 sí 4, tàbí tí irun rẹ̀ bá ti là sọ́tùn-ún sósì bí ẹsẹ̀ akàn, ó ti tó ṣẹ́ bàtà fífọ̀. Ti ọmọdé tó ń gé e jẹ kì í tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ̀yin onípákò má tíì máa rẹ́rìn-ín. Orín àtà tàbí siwáàkì tó ti ń bá owó àti kọ́kọ́rọ́ gbé nínú àpò jálàbíà láti oṣù tó kọjá, ṣé ìmọ́tótó nìyẹn? Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó lò ó àti lẹ́yìn ìlò, ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ tó ti rọ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ má sì dì í ní tútù sínú ọ̀rá. Èyí tí ẹ bá gbàgbé sójú fèrèsé mọ́sáláṣí, àwa tí a ń gbálẹ̀ yóò kó o dànù, kí ẹ má bínú.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbé ilé kéú, tàbí tó fẹ́ wọ ìtikáàfù, ẹ ra tirẹ̀ fún un, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ọ̀pá rẹ̀. Ẹ so òwú aláwọ̀ mọ́ ti èyí tí kò tíì mọ̀wé. Ibi tí ogún ọmọ bá ti ń sùn nínú yàrá kan, búrọ́ọ̀ṣì tó bá sọnù, ti ẹlòmíràn ni wọn yóò mú.

Ẹni tó bá sì rántí pé òun ti bá ẹlòmíràn lo búrọ́ọ̀ṣì rí, kó má jáyà, kó lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí wọn kò bá rí kòkòrò náà, tí kò sì tíì gba àjẹsára rẹ̀, abẹ́rẹ́ 3 ni wọ́n sábà ń fún àgbàlagbà: èkíní lójú ẹsẹ̀, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta nígbà tó bá pé oṣù 6 sí èkíní. Bí wọ́n bá rí i, kó má sọ ọ́ di àṣírí fún ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀. Kó lọ bá dókítà, kí gbogbo ilé sì lọ ṣàyẹ̀wò.