Ẹ Yéé Bi Wọ́n Pé Ta Ló Rán Wọn Wá
Ìwé pẹlẹbẹ lórí ìyà tó ń jẹ àwọn nọ́ọ̀sì wa nínú ilé ìtọ́jú àgbàlagbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ, àbúrò tàbí ìyàwó lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló máa ń wà fún odidi ilé lóru. Ilé tó bá ń gba àwọn tó nílò nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ní nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Òfin England kò sọ iye. Ó ní kí òṣìṣẹ́ ṣáà ti tó. Ẹni tó ń sanwó oṣù ló sì ń pinnu iye tó tó.

Ẹ wo aago mẹ́sàn-án alẹ́ péré. Nọ́ọ̀sì ti kẹ̀kẹ́ oògùn jáde. Ó gbọ́dọ̀ wo ìwé ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó ka orúkọ oògùn àti iye rẹ̀, kó dúró títí ẹni náà yóò fi gbé e mì, kó tó buwọ́ lù ú. Màmá yàrá kejì pa ẹnu dé pinpin, ó ní májèlé ni wọ́n fẹ́ fún òun. Túbù tí bàbá kan fi ń jẹun, èyí tó wọ inú ikùn rẹ̀, ti dí. Aago ìpè wá ń dún lókè: ẹnì kan ti ṣubú. Àwọn kéárà ò gbọ́dọ̀ gbé e dìde kí nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá sáré lọ láìti kẹ̀kẹ́ oògùn pa, ó ti ṣẹ̀. Bó bá dúró ti kẹ̀kẹ́, arúgbó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí nǹkan bá yíwọ́, òun ni wọn yóò fẹjọ́ rẹ̀ sun NMC, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso nọ́ọ̀sì. Òun ni yóò lọ wí tẹnu rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó kọ rósítà tó fi òun nìkan sílẹ̀ ń sùn nílé.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ò fara sin. Ìjọba ìbílẹ̀ ń ké pé òun ò lówó, onílé ń wá èrè, olóṣèlú ń sún ọ̀rọ̀ síwájú. Ìgbìmọ̀ Dilnot, tí ìjọba yàn, gbé àbá kalẹ̀ ní 2011 lórí iye tí arúgbó kan yóò san mọ fún ìtọ́jú. Wọ́n sọ ọ́ di òfin ní 2014, wọ́n sún un síwájú títí, wọ́n sì fagi lé e ní 2024. N kò ní jókòó ti ìyẹn. Ohun tó mú mi gbé kálàmù ni èsì tí wọ́n máa ń fún nọ́ọ̀sì tó bá ráhùn, tí mo sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará wa ju lẹ́nu òyìnbó lọ: “Ta ló rán ọ wá? Ṣebí o mọ̀ kó o tó jápa. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, ọ̀nà Èkó ò dí.”

“Ta ló rán ọ wá?”

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ yìí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ rò pé ọgbọ́n ni.

Ta ló rán wọn? Ní 2020, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá fíṣà ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìlera. Owó rẹ̀ dín, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò nínú owó ìlera tí àjòjì yòókù ń san. Ní oṣù Kejì 2022, wọ́n fi iṣẹ́ kéárà kún àwọn iṣẹ́ tí ọwọ́ kò tó. Ìlú tó gbá ojú ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé òun ò pe àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́nkọ́gbọ́n tó wà níbẹ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìlànà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ní kí agbanisíṣẹ́ àti àjẹ́ńsì má lọ kó òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀, torí pé àwa fúnra wa ò ní tó. Àmọ́ nọ́ọ̀sì tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, wọ́n á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Lójú ìwé, àánú wa ló ṣe wọ́n. Lẹ́nu iṣẹ́, ohun tó já sí ni pé wọ́n ń rí nọ́ọ̀sì wa lò, kò sì sí ẹni tó jẹ́ gbà pé òun ló pè é. Nítorí náà, nígbà tí ará ṣọ́ọ̀ṣì wa bá ń bi nọ́ọ̀sì pé ta ló rán an, ọ̀rọ̀ tí ìjọba fẹ́ sọ ló ń bá wọn sọ, lọ́fẹ̀ẹ́.

“O mọ̀ kó o tó wá.” Kí ni wọ́n mọ̀? Wọ́n mọ̀ pé òtútù wà. Wọ́n mọ̀ pé àwọn yóò nu ìdí, àwọn yóò pa ìró dà. Kò sí nọ́ọ̀sì tó tẹ́ṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ìjọba ní Nàìjíríà tí ìyẹn lè bà lẹ́rù. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni gbólóhùn kan tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé àdéhùn, pé bí o bá fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún méjì tàbí mẹ́ta tó pé, wàá san owó ọkọ̀ òfuurufú, owó ìdánwò àti owó ìdálẹ́kọ̀ọ́ padà. Ọ̀pọ̀ ò rí i títí wọ́n fi kọ́kọ́ ní àwọn fẹ́ lọ. Wọn ò sì mọ̀ pé iṣẹ́ tí àjẹ́ńsì Èkó gba mílíọ̀nù náírà lé lórí, ìlànà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ní kí ẹnikẹ́ni má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì ni ẹ ń bá wí pé ó mọ̀!

“Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, fi í sílẹ̀.” Èyí ló ń bí mi nínú jù. Orúkọ agbanisíṣẹ́ kan ni fíṣà náà so mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ilé ìtọ́jú tó wà ní òdìkejì títì gbọ́dọ̀ wá ẹni tó ní láísẹ́ǹsì, tó sì ṣe tán láti ṣe spọ́ńsọ̀ fún un, kó tún béèrè fíṣà lọ́tun, kí wọ́n dá a lóhùn, kó tó wọṣẹ́. Bó bá kúrò kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, tàbí bí ìjọba bá gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ nítorí ìwà ọ̀gá náà fúnra rẹ̀, ọjọ́ 60 ni wọ́n máa ń fún un láti rí spọ́ńsọ̀ mìíràn tàbí kó di ẹrù rẹ̀. Ọ̀gá ṣẹ̀, òṣìṣẹ́ ni wọ́n lé. Àwọn ọmọ tó ti wọ ilé ìwé ńkọ́? Owó ilé tó ti san ńkọ́? Gbèsè tó jẹ nílé kó tó wá ńkọ́?

Àwọn àgbà wa kan á tún fi kún un pé, “Àwa náà fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tá a dé.” Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá bú yín lọ́jọ́ Ẹtì, ṣé ẹ ò lè wá iṣẹ́ mìíràn ní ọjọ́ Ajé? Ta ní gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ yín nítorí pé ẹ fi búrọ́ọ̀mù sílẹ̀? Ìyà tí èèyàn lè rìn kúrò nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ìyà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ẹ ti jìyà tiyín, ó ti kọjá. Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn jẹ ju èyí tí ẹ jẹ lọ? Ojú ò tì yín?

Ẹ gbà mí láàyè kí n mú ohùn wálẹ̀. Bí ẹ kò bá káàánú nọ́ọ̀sì, ẹ káàánú arúgbó. Nọ́ọ̀sì tí kò lè lọ kì í sábà lè sọ̀rọ̀. Bó bá rí egbò ìdùbúlẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́, tàbí bí wọ́n bá ní kó kọ ọ́ pé àwọn yí màmá padà ní wákàtí méjì-méjì nígbà tí ẹnikẹ́ni ò dé ibẹ̀, àtijẹ àti fíṣà rẹ̀ á sọ fún un pé kó panu mọ́. Àwọn òbí wa tó ti dàgbà sí ìlú yìí wà lórí ibùsùn wọ̀nyẹn báyìí. Ẹnu tí ẹ pa mọ́ ni wọn yóò bá ní yàrá.

“Kí ló dé tí wọn ò lọ sí NHS?”

Èyí dà bí ọ̀rọ̀ gidi, ó sì yẹ ká dá a lóhùn. Owó oṣù nọ́ọ̀sì NHS, ètò ìlera ìjọba, wà lójú ìwé fún gbogbo ayé láti rí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní England gba £31,049 lọ́dún ní 2025 sí 2026, ó sì mọ ìpele tí yóò gùn tẹ̀ lé e. Agbanisíṣẹ́ ní NHS ń dá nǹkan bí ìdá 23.7 nínú ọgọ́rùn-ún sí owó ìfẹ̀yìntì. Nílé ìtọ́jú aládàáni, ìdá 3, ó kéré tán, ni òfin ní kí agbanisíṣẹ́ dá, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì dúró sí. Èèyàn tó bá lè ṣe ìṣirò á sá lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń sá lọ. Ta ni yóò wá ku sọ́dọ̀ àwọn arúgbó? Àwọn tí kò rọ́nà lọ. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀sùn wa.

Àwọn kan á sì fi ẹnu ẹ̀gàn sọ pé nọ́ọ̀sì ilé arúgbó kì í ṣe nọ́ọ̀sì gidi. Ní wọ́ọ̀dù, dókítà wà nítòsí, ẹlẹgbẹ́ wà lápá ọ̀tún. Nílé ìtọ́jú lóru, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò mọ̀ bóyá ìdààmú màmá yìí jẹ́ ti àrùn ìgbàgbé tàbí ti àkóràn ilé ìtọ̀, bóyá kí òun pe áńbúláǹsì tàbí kí òun jẹ́ kí ẹni tó ń kú lọ kú ní ìrọ̀rùn lórí ibùsùn tó mọ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. A ò kàn fún un lórúkọ oyè ni.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí fún nọ́ọ̀sì wa nígbà kan. Ní 1946 ni Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì St Thomas’ ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn tó padà sílé, ó di mátírọ̀n ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní UCH Ìbàdàn. Ó lọ, ó gba oyè kún oyè. Lónìí, nọ́ọ̀sì tó ti jẹ́ ọ̀gá ní wọ́ọ̀dù nílé ti di kéárà níbí, kò tíì ṣe ìdánwò NMC, ọ̀gá ò fún un láàyè láti kàwé, ọdún ń yí lórí ọdún, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń dógùn-ún. Àdánù fún ìlú méjèèjì ni.

Ohun tí a fẹ́

Àkọ́kọ́: kí fíṣà nọ́ọ̀sì so mọ́ iṣẹ́, kó má so mọ́ ọ̀gá. Ìjọba á ní òun fẹ́ mọ ibi tí òṣìṣẹ́ wà. Nọ́ọ̀sì ni ẹni tó rọrùn jù láti mọ̀: orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé NMC tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò, ó ń sanwó síbẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta pé òun ti ṣiṣẹ́ tó wákàtí 450. Bí orúkọ rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kí ló kù tí spọ́ńsọ̀ fẹ́ jẹ́rìí sí? Ọ̀gá tó bá mọ̀ pé nọ́ọ̀sì lè lọ lọ́la á tún rósítà ṣe lónìí. Ohun tí yóò tún ilé wọ̀nyẹn ṣe kíákíá nìyẹn, kò sì ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Èkejì: kí owó nọ́ọ̀sì dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ní England, NHS san £254.06 lọ́sẹ̀ fún ilé ìtọ́jú lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá yẹ fún owó ìtọ́jú nọ́ọ̀sì; iye ti 2025 sí 2026 nìyẹn. Ilé tó bá ní 40 irú wọn gba ohun tó lé ní £10,160 lọ́sẹ̀. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Ẹ pín in: ó lé ní £60 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán-tòru. Ẹ wá bi nọ́ọ̀sì yín iye tó ń gbà ní wákàtí kan, àti iye nọ́ọ̀sì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ lóru. Kí gbogbo ilé máa lẹ iye tó gbà àti iye tó ná sórí nọ́ọ̀sì mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ọmọ tó wá kí ìyá rẹ̀ lè kà á.

Ẹ̀kẹta: kí òfin dárúkọ iye. Scotland ti ṣe òfin lórí òṣìṣẹ́ tó tó ní 2019, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin 2024, ó sì kan ilé ìtọ́jú. Òun náà ò sọ iye, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ di ojúṣe tí wọ́n lè bi onílé léèrè. Kí England ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: nọ́ọ̀sì kan fún ogún èèyàn lóru, kò gbọ́dọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀.

Àwọn yòókù:

Kí wọ́n fòfin de gbólóhùn san-owó-padà nínú ìwé àdéhùn.

Kí kéárà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú owó, láti fi múra ìdánwò NMC.

Kí oyè wà fún nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àgbàlagbà, kó sì ní owó tirẹ̀.

Kí wọ́n má sọ ọdún márùn-ún tí nọ́ọ̀sì ti ń kà kó tó lè jókòó sílùú di mẹ́wàá, bí ìwé ètò ìjọba ti oṣù Karùn-ún 2025 ṣe fẹ́. Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ eré, ẹ má sún òpin pápá fún un.

Yàrá ìsinmi. Oúnjẹ gbígbóná lóru.

Òfin iṣẹ́ tuntun ti 2025 ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ tí yóò máa dúnàádúrà owó àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà. Kí nọ́ọ̀sì tó wá láti òkè òkun ní àga níbẹ̀.

Kí àjọ tó ń ṣàkóso nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà má rò pé dídá wọn dúró fún ọdún méjì kí wọ́n tó lè béèrè ìwé ẹ̀rí tí wọn yóò fi ṣiṣẹ́ lókè òkun, bó ti ṣe ní 2024, ni ìdáhùn. Owó oṣù ni ìdáhùn.

Àti tiwa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ̀yin ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí. Ẹ ń dáwó òkú. Ẹ dáwó lọ́yà. Ẹ wá ẹnì kan tó lóye òfin fíṣà, ẹ jẹ́ kó máa jókòó ní gbọ̀ngàn yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí nọ́ọ̀sì tí ọjọ́ 60 rẹ̀ ń lọ mọ ibi tí yóò sá wá. Ẹ ní kí gbogbo nọ́ọ̀sì àti kéárà yín wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lónìí, kí wàhálà tó dé. Ẹni tó bá sì tún dìde nínú ìpàdé láti bi wọ́n pé ta ló rán wọn wá, kí alága ní kó jókòó.