Ẹ Má Ti Ẹnu Ọmọ Mọ́ Inú Kọ́bọ́ọ̀dù



Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ńkọ́? Òun kọ́ ló yàn láti dákẹ́. Inú ń run ún, kò lè wí. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kò lè béèrè omi. Bí ó bá figbe ta, a ní ó ya aláìgbọràn. Bí ó bá ń forí gbá ògiri, a ní ẹ̀mí àìmọ́ ni.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni tablet lè ṣe lóore. Àwòrán omi, oúnjẹ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á wà lójú rẹ̀. Ọmọ á fi ìka tẹ èyí tó fẹ́, ẹ̀rọ á sì sọ ọ́ jáde. Ìyá tilẹ̀ lè gba ohùn ara rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ọmọ lè fi Yorùbá béèrè omi. Fún ọmọ tí kò ríran, ẹ̀rọ náà á ka ìwé sí i létí. Èyí kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹnu ni. Ojú ni.

Ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe. Ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde, tablet tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò sí. Wọ́n ní 150,000 ni àwọn fẹ́ pín. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ọmọ girama àgbà ni wọ́n ṣe é fún. Mélòó nínú àwọn ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ló ń dé girama àgbà? Ẹni tí ebi ń pa jù ni a kò bu oúnjẹ fún.

Ilé ẹ̀kọ́ tiwọn náà ńkọ́? Mo dé ọ̀kan. Àwọn olóore ti kó tablet wá, wọ́n ti ya fọ́tò, wọ́n ti lọ. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ni mo bá gbogbo rẹ̀, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ má baà fọ́ ọ ni. Kò sí olùkọ́ tí ẹnikẹ́ni kọ́ ní bí a ti ń lò ó, kò sí iná láti fi ṣáàjì í. Mo bi yín, ta ló ń ti ẹnu ọmọ rẹ̀ pa kí ó má baà gbó?

Àwọn kan ní bí ọmọ bá ti ń fi ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, kò ní fi ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ ìwádìí wò lórí àwọn tí a fún ní ọ̀nà mìíràn láti sọ̀rọ̀, bí àmì ọwọ́ àti àwòrán. Nínú 27 tí ẹ̀rí wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò sí ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dín kù. Ti 24 pọ̀ sí i.

Àwọn mìíràn ní owó ìfiṣòfò ni. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Òfin ọdún 2004 ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 9 jẹ́ ti gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Òfin tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 sì ka yíya akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ẹ̀tọ́ wọn là ń béèrè, a kò tọrọ àánú.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi tablet ta wọ́n lọ́rẹ, kí ó kọ́kọ́ sanwó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ àti ti iná oòrùn. Kí ọmọ máa gbé e lọ sílé. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi jẹ ẹ́ níyà, nítorí a kì í gba ẹnu lọ́wọ́ ènìyàn. Níbi tí kò bá tíì sí, ẹ lẹ àwòrán mọ́ páálí, kí ọmọ máa nàka sí i.

Ọmọ wọ̀nyí kò lè sọ̀rọ̀. Àwa tí a lè sọ̀rọ̀, kí ló dé tí a dákẹ́?