Ẹ̀fọn Gbé Àrùn, Kò Dùbúlẹ̀: Ẹ Jẹ́ Kí A Ṣọ́ Àmù Omi Wa

 

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ti Òkè Ọya dé sọ́dọ̀ mi ní Ìdó. Ibà ni ó bá a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, mo gbé àga fún un sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí afẹ́fẹ́ ọ̀sà lè fẹ́ sí i lára. Kò pẹ́ tí mo fi rí ẹ̀fọn dúdú kan tí ó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀, tí ó bà lé ọmọ náà ní ọrùn ẹsẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, oòrùn ti ń mú. Mo gbá a, ó fò lọ.

Ìyá kan tí ń ta ìrẹsì níwájú ilé wa ń wò wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé kiní kan fún mi. Gbogbo yín ní ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Kí ló wá dé tí ibà kì í mú ẹ̀fọn fúnra rẹ̀? Ẹni tí ó ru iná, ṣé iná kì í jó o ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Èrò mi ni pé bí gbogbo wa bá mọ ìdáhùn rẹ̀, bí a ṣe ń tọ́jú omi àti aláìsàn nínú ilé wa yóò yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ẹ̀fọn sọ́tọ̀ sí ẹ̀fọn. Èyí tí ń gbé ibà màlàríà, òru ni ó sábà máa ń jẹ ènìyàn. Èyí tí ó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Aedes aegypti, ọ̀sán ni tirẹ̀, pàápàá ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Òun ni ó ń gbé ibà pọ́njú tí ń sọ ojú di pupa ràkọ̀ràkọ̀ bí epo, àti ibà dengue tí ń fi eegun àti oríkèé ríro dá ènìyàn lóró. Kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè fún àwa ará Èkó. Ní 1925, ilé-iṣẹ́ Rockefeller ti Amẹ́ríkà dá ibùdó ìwádìí ibà pọ́njú sílẹ̀ ní Yábàá, ẹ̀yìnkùlé wa níbí. Ní 1927, àwọn oníṣègùn ibẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n sì fi àrùn inú rẹ̀ ran ọ̀bọ. Nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ dájú pé fáírọ́ọ̀sì ni. Dókítà Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, kó àrùn náà, ó sì kú ní Èkó ní oṣù September ọdún náà. Láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi yìí kan náà ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n kéde ní 1937. Ohun mìíràn tí iṣẹ́ àwọn ará Yábàá fi hàn ni pé ẹ̀fọn tí àrùn yìí bá ti wọ̀ lára kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Yóò máa gbé e kiri títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Kí ló dé tí kò fi dùbúlẹ̀? Ẹ gbọ́ bí ó ti rí.

Abo ẹ̀fọn nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí àti yé ẹyin. Omi dídùn inú òdòdó ni ó fi ń rí agbára fò. Bí ó bá mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, fáírọ́ọ̀sì á bá ẹ̀jẹ̀ náà wọlé, á sì kó sínú ògiri ìfun rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ilé ìdáná tirẹ̀. Kò lè jẹ, kò lè mí, kò sì lè bí sí i àfi nínú ara ohun abẹ̀mí mìíràn. Ó dà bí àlejò tí ó wọ ilé onílé tí ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná, tí ó ní kí ìyàwó ilé máa se ohun tí òun fẹ́. Ọ̀rá ni ó ń fẹ́ jù, nítorí ọ̀rá ni ó fi ń mọ yàrá tí yóò ti bí ọmọ rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí lórí dengue, tí í ṣe ìbátan ibà pọ́njú, rí i pé ọ̀rá inú ìfun ẹ̀fọn yí padà nígbà tí fáírọ́ọ̀sì náà wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n sì dí ọ̀nà tí ẹ̀yà ara ẹ̀fọn ń gbà ṣe ọ̀rá, fáírọ́ọ̀sì kò lè bí sí i bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ara ẹ̀fọn kò káwọ́ gbera. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ tí ń bá àlejò náà jà, tí kì í jẹ́ kí ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í lè lé e jáde. Nítorí náà, ìyá onírẹsì, iná náà ń jó ẹ̀fọn díẹ̀díẹ̀: ó ń ná nínú ọ̀rá rẹ̀ àti agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìnáwó náà kò pọ̀ tó èyí tí yóò dá a dùbúlẹ̀. Àwa ni a ń san ìyókù gbèsè náà.

Nǹkan bí ọjọ́ 8 sí 12 ni fáírọ́ọ̀sì fi ń rìn láti ìfun dé inú itọ́ ẹ̀fọn, ooru ìlú bíi tiwa sì máa ń mú kí ó tètè dé. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tí ó bá jẹ wà nínú ewu. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2022 tilẹ̀ fi hàn pé ẹ̀fọn tí ó gbé dengue máa ń fi ẹnu gún ara lọ́pọ̀ ìgbà ju èyí tí kò gbé e lọ kí ó tó rí ẹ̀jẹ̀ fà. Ẹ kò rí i pé àlejò náà ti gba ìjánu lọ́wọ́ onílé?

Ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà. Àwa ará Ìdó a máa bú ìjọba nítorí gọ́tà, a sì jàre díẹ̀. Bí omi ẹ̀rọ bá ń yọ déédéé, ta ni yóò máa to dúrọ́ọ̀mù jọ sínú ilé? Kí àwọn aláṣẹ má ṣe gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ọ̀sán yìí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn gọ́tà ẹlẹ́rẹ̀. Omi tí ó tòrò ni ó ń wá: àmù, dúrọ́ọ̀mù, táyà ògbólógbòó, agolo ẹ̀yìn ilé. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ní 1987, ẹ̀fọn yìí ni ó tan ibà pọ́njú kálẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kú. Ní September 2017, àrùn náà tún yọjú ní Kwara, ó sì tàn dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Ìdó tí ọkọ̀ ti ń wọlé láti gbogbo ilẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí.

Èkíní, ẹ má ṣe gbé aláìsàn ibà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí mo ti ṣe. Inú nẹ́ẹ̀tì ni kí ó wà, ní ọ̀sán pàápàá, fún ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́. Àkókò yẹn ni ẹ̀fọn lè rí fáírọ́ọ̀sì kó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Èkejì, ẹ bo omi yín dáadáa, kí ẹ sì fi kànrìnkàn ha inú àmù àti dúrọ́ọ̀mù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Dída omi nù nìkan kò tó. Ara ògiri ìkòkò, lókè omi díẹ̀, ni ẹyin ẹ̀fọn yìí ń lẹ̀ mọ́. Ó lè gbẹ síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí ó sì di tanwíjí nígbà tí omi bá tún kàn án. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, tanwíjí ti di ẹ̀fọn.

Ẹ̀kẹta, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn títí ayé. Àwọn ọmọ wa ń gbà á ní oṣù kẹsàn-án, ẹ má jẹ́ kí ó fo tiyín.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe pe gbogbo ibà ní màlàríà. Láàárín 1964 sí 1968, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn rí dengue nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ibà ń ṣe. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kí a tó mọ irú ibà tí ó jẹ́, ẹ má ṣe lo asipirín-ìn, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya. Bí ojú bá pọ́n tàbí tí ènìyàn bá ń bì ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ló kù.

Mo ti gbọ́ pé ní Yogyakarta, ní ilẹ̀ Indonesia, wọ́n fi bakitéríà kan tí ń jẹ́ Wolbachia sínú ẹ̀fọn. Wọ́n gbà pé ó ń bá fáírọ́ọ̀sì du ọ̀rá inú ara ẹ̀fọn, bí ayálégbé méjì tí ń du ilé ìdáná kan. Èsì tí ó jáde ní 2021 fi hàn pé dengue dín kù níbẹ̀ ní ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n kànrìnkàn ti wà nílé wa báyìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbádùn. Màlàríà ni àyẹ̀wò fi hàn, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n èmi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo parí àlàyé fún ìyá onírẹsì, kò sọ ohun kan. Ó dìde, ó wo inú dúrọ́ọ̀mù tí ó fi ń fọ abọ́, ó sì pè mí: "Bàbá, ẹ wá wò ó." Tanwíjí ń jó nínú omi.

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹ lọ wo tiyín kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.