Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Ṣìnà Ná

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, bí èèyàn bá ń wá ilé ẹbí lọ ní ìlú tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú géèmù, èmi ò gbà.

Ẹ̀yin ará SS2, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Géèmù ò tíì lo ọjọ́ kan lọ́wọ́ yín tí ẹ ti sáré lọ sórí YouTube, kí ẹni tó ti gbá a parí lè fi gbogbo ọ̀nà hàn yín. Lẹ́yìn náà ẹ ó ní kò dùn. Báwo ló ṣe máa dùn?

Ẹ wo Ori and the Blind Forest, tí Moon Studios ṣe, tó jáde ní 2015. Kì í ṣe orí tiwa o; lédè Hébérù, Ori túmọ̀ sí "ìmọ́lẹ̀ mi". Igbó inú rẹ̀ rẹwà débi pé màámi, tí kì í fẹ́ rí géèmù sójú, dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ní, "Ta ló ya èyí?" Ṣùgbọ́n ẹwà nìkan ò lè mú èèyàn jókòó pẹ́. Tó bá di ọjọ́ kẹta, á ti mọ́ ojú lára.

Ohun tó dùn níbẹ̀ nìyí. Níbẹ̀rẹ̀, Ori ò lágbára. Fífò rẹ̀ ò ga. Ẹ ó rí nǹkan tó ń tàn lókè, ọwọ́ yín ò ní tó o. Ẹ ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn yín ò ní kúrò níbẹ̀. Tó bá yá, Ori á kọ́ bí a ti ń gun ògiri, á kọ́ bí a ti ń tún fò nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà lókè. Kódà ìyẹ́ Kuro, òwìwí ńlá tó ń lépa rẹ̀, á di ohun tó fi ń rá bàbà nínú afẹ́fẹ́. Ìgbà náà lẹ ó rántí ibi ọjọ́sí. Ẹ ó padà lọ, ẹ ó sì gùn ún. Ibẹ̀ ò yí padà, ẹ̀yin lẹ yí padà. "Háà!" tí ẹ bá ké nígbà náà, ẹlòmíràn ò lè bá yín ké e.

Nínú igi Ginso, omi ń ru bọ̀ lẹ́yìn mi, kò sì sí ibi tí mo ti lè sévù. Mo kú títí. Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká wò ó lórí fóònù." Mo kọ̀. Wọ́n mú iná lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù ò sì dáa, bó ṣe parí nìyẹn. Ọjọ́ kejì ni mo tó jáde. Àbúrò mi ló pariwo jù. Títí dòní, "a jáde" ló ń wí.

Ẹlòmíràn á ní wákàtí kan péré lòun ní lọ́jọ́ Sátidé, òun ò lè fi ṣìnà. Tó bá jẹ́ wákàtí kan ni, kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ fi tọ ipasẹ̀ ẹlòmíràn?

Ẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sùn lé e lórí, kẹ́ ẹ tó wo fóònù. Ẹni tí kò bá gbà, kó kọ tirẹ̀ wá fún Press Club. Àyè ṣì wà lára ògiri.