Ẹ Yé Di Ẹ̀bi Fukushima Ru Ọlọ́run

Mo tún gbọ́ ọ lórí rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti sú mi. Wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ iná nuclear Fukushima Daiichi ní Japan, àmúwá Ọlọ́run ni. Ilẹ̀ mì, òkun ru, kí lèèyàn lè ṣe sí i? Olóòtú ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n bá fi orin sí i. Irọ́ ni! Ọlọ́run ló ni òkun, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ ilé létí òkun.

Ẹ wo ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sí ná. Òkè kan wà létí òkun níbẹ̀ tó ga tó mítà 35 kí TEPCO, ilé iṣẹ́ mànàmáná tó ni ín, tó dé. Wọ́n gé e títí ó fi ku mítà 10. Omi òkun ni wọ́n fi ń tu ẹ̀rọ lára, owó ńlá ló sì ń gbà láti fa omi gun òkè. Wọ́n tún fẹ́ kí ìpìlẹ̀ ilé kan àpáta. Nínú ìṣirò tí wọ́n fi gba ìwé àṣẹ ní 1966, ìgbì tó lè dé ibẹ̀ ò ju mítà 3.1 lọ. Ìgbì tó ti Chile wá ní 1960 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n. Ní 2002 wọ́n sún un sí 5.7.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2011, ilẹ̀ mì. Ríákítọ̀ mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà pa ara wọn, bó ṣe yẹ. Iná tó ń ti ìta wọlé lọ, jẹnẹrétọ̀ oní-dísù gbéra, bó ṣe yẹ. Ẹ fọkàn sí ibí yìí: ilẹ̀ ti mì tán, jẹnẹrétọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ríákítọ̀ tí wọ́n pa kì í tutù lójú ẹsẹ̀. Ooru ṣì ń jáde lára uranium inú rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, omi gbọ́dọ̀ máa yí i ká, iná ló sì ń fa omi náà. Bí ìṣẹ́jú 50 lẹ́yìn náà, òkun gòkè wá, ó ga tó mítà 14 sí 15. Ó ya wọ abẹ́ ilé, ó bo jẹnẹrétọ̀, ó bo pátákó tó ń pín iná. Òkùnkùn bo yàrá tí wọ́n ti ń darí ẹ̀rọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ń tú bátìrì inú mọ́tò, wọ́n ń so ó pọ̀, kí gééjì lè fi iye omi tó kù nínú ríákítọ̀ hàn wọ́n. Bátìrì mọ́tò! Uranium inú ríákítọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ́.

Nínú ọgbà kan náà, jẹnẹrétọ̀ oní-dísù kan ò kú, ti ríákítọ̀ kẹfà. Ibi tó ga ni wọ́n gbé e sí, afẹ́fẹ́ ló sì ń tu ú lára, kì í ṣe omi òkun. Òun ló fún ríákítọ̀ karùn-ún àti ìkẹfà níná. Wọ́n ti pa àwọn méjèèjì fún àyẹ̀wò ṣáájú, ṣùgbọ́n uranium wà nínú wọn. Kò yọ́. Òkun kan náà, ọjọ́ kan náà. Ṣé Ọlọ́run fẹ́ràn ìkẹfà ju ìkíní lọ ni?

Ilé iṣẹ́ iná nuclear mìíràn, Onagawa, sún mọ́ ojú ibi tí ilẹ̀ ti mì ju Fukushima lọ, ìgbì tó kọlù ú sì tó mítà 13. Ẹnjiníà Yanosuke Hirai ti ta kú nígbà tí wọ́n ń gbèrò rẹ̀ pé àfi ibi gíga. Mítà 14.8 ni wọ́n kọ́ ọ sí. Hirai kú ní 1986. Ní 2011, àwọn ará àdúgbò tí òkun gba ilé wọn sá wọ ọgbà ilé iṣẹ́ náà lọ sùn, wọ́n lé ní 300. Ní Fukushima, àwọn tó lé ní 150,000 ń sá kúrò.

Wọ́n á ní ta ló mọ̀. TEPCO mọ̀! Ní 2008, ìṣirò tiwọn fúnra wọn sọ pé ìgbì lè dé mítà 15.7. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀mọ̀wé tún un yẹ̀ wò. Ọjọ́ mẹ́rin péré kí òkun tó dé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e fún ìjọba. Ẹ sì ní Ọlọ́run.

Wọ́n á ní irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ṣẹlẹ̀ ní 869, ó wà nínú ìwé ìtàn Japan, iyanrìn tí ìgbì náà gbé wá ṣì wà nínú ilẹ̀. Wọ́n á ní ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ ní 2022 pé ìjọba ò jẹ̀bi, pé bí wọ́n tiẹ̀ mọ odi, omi á ṣì wọlé. Èmi ò sọ̀rọ̀ odi. Jẹnẹrétọ̀ ni mo ní kí wọ́n gbé sókè.

Ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin Japan gbé kalẹ̀, tí Kiyoshi Kurokawa ṣe alága fún, ti sọ ọ́ ní 2012 pé àfọwọ́fà ni. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ò ṣòro: kí jẹnẹrétọ̀ wà lókè, kí ẹni tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ má sì jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ń ṣọ́. NISA, tó yẹ kó máa ṣọ́ TEPCO, abẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń polówó nuclear ló wà. Japan tú u ká ní 2012. Àwọn ará Okuma àti Futaba, ìlú méjì tí ilé iṣẹ́ Fukushima Daiichi wà, ti sá kúrò nílé lọ́dún kan ṣáájú.